Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọ̀rọ̀ Látìn Tó Jẹ Mọ́ Ẹ̀kọ́ àti Ìkọ́ni

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà ń kọ́ ọmọ ní ìwé; ọmọ ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ tíṣà. Ẹni tó bá gbé èyí wọ inú Látìn á ṣìnà láti gbólóhùn àkọ́kọ́, torí pé àwọn ará Róòmù ya méjèèjì sọ́tọ̀. Docēre ni iṣẹ́ olùkọ́, discere ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan kì í sì í gba iṣẹ́ èkejì ṣe.

Àwọn tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Látìn ní séminárì, akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ọ̀ tí Látìn inú ìwé òfin ti sú, akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀ka Classics ti Yunifásítì Ìbàdàn, àti ẹni tó kàn fẹ́ràn èdè náà tó ń fi fóònù kọ́ ọ nílé. Ohun kan ni mo fẹ́ kó wọ̀ yín lára: ẹ má há àwọn ọ̀rọ̀ yìí sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ wọn pọ̀ mọ́ ẹni tó ń ṣe é, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, àti ìparí ọ̀rọ̀ tó ń fi ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹni tó mọ ogójì ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn lè ka ìwé. Ẹni tó mọ irínwó ọ̀rọ̀ láìsí gbólóhùn á kàn máa wò ó ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ọ̀nà ìpè kan, kí ẹ sì máa fi àmì sórí fáwẹ̀lì

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń gbà pe Látìn lónìí. Ọ̀kan ni ti Róòmù àtijọ́, èyí tí àwọn fásitì ń lò. Èkejì ni ti ìjọ Kátólíìkì, èyí tí ẹ máa gbọ́ nínú orin Máàsì. Ní ti àtijọ́, k ni c níbi gbogbo, g kì í yí padà, v sì ń dún bíi w. Ní ti ìjọ, bí c bá ṣáájú e tàbí i, ó máa ń dún bí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Charles. G ní irú ibẹ̀ ń dún bíi j tiwa gẹ́lẹ́. Sc sì di ṣ. Torí náà, ẹnìkan á pe magister (olùkọ́) ní "magístẹ̀r", ẹlòmíì á pè é ní "majístẹ̀r". Discit lè jẹ́ "dískìt" tàbí "díṣìt". Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Èyí tó burú ni kéèyàn máa pa wọ́n pọ̀ nínú gbólóhùn kan náà, torí etí ò ní lè di ọ̀rọ̀ náà mú.

Látìn kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, àmọ́ ó ní fáwẹ̀lì gígùn àti fáwẹ̀lì kúkúrú, ìyẹn nìkan sì tó láti yí ìtumọ̀ padà. Liber tí i rẹ̀ kúrú ni ìwé. Līber tí i rẹ̀ gùn ni ẹni tó wà lómìnira. Ẹni tó ti mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ò nílò àlàyé ju èyí lọ. Àmì gbọọrọ orí fáwẹ̀lì ni ìwé akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sàmì sí èyí tó gùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà bí ìwé tí ẹ ń wò kò bá kọ ọ́.

Àmì yìí ló tún máa sọ ibi tí ẹ ó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo sílébù tó ṣìkejì láti ẹ̀yìn: bí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá gùn, tàbí tí kọ́nsónáǹtì méjì bá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn sí sílébù tó ṣáájú rẹ̀. Nínú docēre, ē gùn, torí náà "ce" là ń tẹ̀. Nínú discere, e àárín kúrú, torí náà "dis" là ń tẹ̀. Magister: "gis". Discipulus (akẹ́kọ̀ọ́): "ci". Ẹ pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè báyìí kí ẹ tó máa bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya docēre kúrò lára discere

Bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń to àwọn méjèèjì nìyí:

doceō, docēre, docuī, doctum: mò ń kọ́ni, láti kọ́ni, mo kọ́ni, èyí tí a kọ́
discō, discere, didicī: mò ń kọ́ ẹ̀kọ́, láti kọ́ ẹ̀kọ́, mo kọ́ ẹ̀kọ́

Ẹ rí i pé discere kò ní ìkẹrin. Ẹ má wá a, kò sí. Tí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan ti kàwé, doctus lẹ máa lò, "ẹni tí wọ́n ti kọ́".

Ẹ wá wo gbólóhùn yìí dáadáa, torí òun gan-an ni òpó ìgbésẹ̀ yìí:

Magister puerōs litterās docet.

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Àbọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, puerōs àti litterās, ìparí accūsātīvus, èyí tó ń fi àbọ̀ hàn, ni àwọn méjèèjì sì ní. Lédè tiwa, "ní" ló ń ṣáájú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ; Látìn kò fi nǹkankan sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni puerīs, bí ẹni pé olùkọ́ fi ìwé fún àwọn ọmọ. Docēre kò fẹ́ datīvus, ìparí tó ń fi ẹni tí a fún ní nǹkan hàn. Ẹni tí wọ́n ń kọ́ àti ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, accūsātīvus ni àwọn méjèèjì.

Tí a bá wá yí i padà sí ọwọ́ ọmọ:

Puerī litterās ā magistrō discunt.

Àwọn ọmọ ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ tíṣà. "Lọ́dọ̀" yẹn ni ā, tàbí ab bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tó bá sì tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wà ní ablātīvus, ìparí tí ā ń béèrè, bí -ō tó wà lára magistrō. Litterae fúnra rẹ̀ yẹ ní àkíyèsí: littera kan ṣoṣo ni lẹ́tà ábídí, ṣùgbọ́n litterae, tó jẹ́ ọ̀pọ̀, lè jẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ìwé kíkà, tàbí lẹ́tà tí a kọ ránṣẹ́.

Iṣẹ́ yín níbí ni láti mú gbólóhùn méjèèjì, kí ẹ máa pààrọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Māter fīliam carmen docet, ìyá ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní orin. Fīlia carmen ā mātre discit. Pater fīlium artem docet, bàbá ń kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́. Fīlius artem ā patre discit. Ẹ kọ ọ́ ní méjì méjì, docēre ní òsì, discere ní ọ̀tún, títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ orí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi àfòmọ́ kún un. Ēdiscere ni kéèyàn há nǹkan sórí pátápátá. Addiscere ni kéèyàn kọ́ nǹkan mọ́ èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Dēdiscere ni kéèyàn gbé ohun tó ti kọ́ sọnù. Dēdocēre ni iṣẹ́ olùkọ́ tó ń yọ ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́ kúrò lórí ọmọ. Quintilian, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n bí sí Calagurris ní ilẹ̀ Sípéènì, sọ ìtàn Timotheus afunfèrè tó lókìkí, tó máa ń gba owó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ọmọ tí olùkọ́ mìíràn ti kọ́ ṣáájú, torí pé iṣẹ́ méjì ló fẹ́ ṣe: dēdocēre ná, kó tó wá docēre. Ẹ fi ìtàn yẹn di ọ̀rọ̀ náà mú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ há gbólóhùn Varro sórí

Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ máa mú kúrò nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú èyí:

Ēdūcit obstetrīx, ēducat nūtrīx, īnstituit paedagōgus, docet magister.

Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù tó gbé ayé láti 116 sí 27 ṣáájú ìbí Krístì, ló kọ ọ́. Ìwé tó kọ ọ́ sí ti sọnù. Nonius Marcellus, ará Numidia ní àríwá Áfíríkà, ló tọ́jú gbólóhùn náà fún wa nígbà tó ń ṣàkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Inú mi máa ń dùn sí i pé ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀. Obstetrīx ni agbẹ̀bí: ēdūcit, ó fa ọmọ jáde. Nūtrīx ni obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú tó sì ń tọ́jú rẹ̀: ēducat, ó tọ́ ọ dàgbà. Paedagōgus ni ẹrú tó ń tẹ̀ lé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó ń gbé ẹrù rẹ̀, tó sì ń ṣọ́ ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà: īnstituit, ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kan magister: docet, ó kọ́ ọ níwèé. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín títọ́ ọmọ àti kíkọ́ ọmọ ti gba ìdajì gbólóhùn yìí tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ta kókó ni méjì àkọ́kọ́. Ēdūcit ń bọ̀ láti ēdūcere, ū rẹ̀ gùn. Ēducat ń bọ̀ láti ēducāre, u rẹ̀ kúrú. Nínú ìwé tí kò bá fi àmì sí i, mo lè kọ educo kó sì jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìparí ọ̀rọ̀ ló máa gbà yín: -it ní ìparí ọ̀kan, -at ní ìparí èkejì. Ẹ tún wo ìparí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: -it, -at, -it, -et. Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta nínú mẹ́rin tí Látìn ní ló pàdé síbẹ̀, -āre, -ēre àti -ere. Ẹ ka gbólóhùn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di ọ̀pọ̀: ēdūcunt obstetrīcēs, ēducant nūtrīcēs, īnstituunt paedagōgī, docent magistrī.

Īnstituere yìí ló bí īnstitūtiō, ọ̀rọ̀ tí Quintilian fi sí orí ìwé ńlá tó kọ ní nǹkan bí ọdún 95 lẹ́yìn ìbí Krístì nípa bí a ṣe ń tọ́ ọmọ tí yóò di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Īnstruere sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀. Struere ni kéèyàn to nǹkan léra, kó kọ́ ọ sókè. Īnstruere aciem ni kí ọ̀gágun to ọmọ ogun sílẹ̀ fún ìjà. Nínú Látìn àtijọ́, pípèsè àti mímúra sílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ti ìkọ́ni kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Etí Yorùbá ò ní ṣàjèjì sí i, torí àwa náà ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wọ inú ilé ẹ̀kọ́ Róòmù

Ọ̀rọ̀ tó bá ní ojúlé máa ń tètè dúró lórí. Ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ń jẹ́ lūdus, ọ̀rọ̀ kan náà tó ń jẹ́ eré. Olùkọ́ ibẹ̀ ni lūdī magister, wọ́n tún ń pè é ní litterātor. Nǹkan bí ọmọ ọdún méje ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìkọ̀wé, ìwé kíkà àti ìṣírò ni iṣẹ́ wọn. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, ọmọ tí òbí rẹ̀ rí ṣe á bọ́ sọ́wọ́ grammaticus, ẹni tó ń kọ́ èdè àti ewì. Lẹ́yìn èyí ni rhētor, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Vespasian, tó jọba láti ọdún 69 sí 79, ló kọ́kọ́ fi owó ìjọba san owó ọdọọdún fún àwọn rhētor ní Róòmù, 100,000 sesterces fún ẹnìkan lọ́dún. Quintilian wà lára àwọn tó gbà á. Lūdī magister kò rí irú owó bẹ́ẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí òbí bá mú wá ló ń jẹ. Schola náà wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, èyí tó ń jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ń gbọ́ àsọyé ni wọ́n ti sábà ń lò ó.

Ohun èlò ọmọ ilé ìwé: tabula tàbí tabella, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n da ìda sí lójú, tí wọ́n ń kọ tí wọ́n ń pa rẹ́ bíi wàláà ilé kéwú. Cēra ni ìda náà. Stilus ni ohun ìkọ̀wé, ẹnu rẹ̀ kan mú, èkejì pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pa ohun tó kọ rẹ́ á yí i padà, á fi ẹnu pẹlẹbẹ tẹ́ ìda náà. Ìdí nìyẹn tí stilum vertere, "yí stilus padà", fi ń jẹ́ títún ọ̀rọ̀ ṣe. Calculī ni òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣírò. Ferula ni pàṣán. Akéwì Horace kò gbàgbé pàṣán olùkọ́ rẹ̀ Orbilius títí tó fi dàgbà, plāgōsus ló pè é, ẹni tí ẹgba kún ọwọ́ rẹ̀. Quintilian ní tirẹ̀ sọ gbangba pé kí wọ́n má na ọmọ, mo sì fara mọ́ ọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ló ní kí wọ́n fún ọmọdé kó máa fi ṣeré títí á fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ka Martial, akéwì Róòmù. Ní ọdún bíi ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́yìn, ó kọ ewì kékeré sí lūdī magister kan pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ sinmi nígbà ooru, kí ferulae, ọ̀pá àṣẹ àwọn paedagōgī, lọ sùn títí di àárín oṣù kẹwàá. Ìlà tó fi parí rẹ̀ nìyí:

Aestāte puerī sī valent, satis discunt.

Nígbà ooru, bí ara àwọn ọmọ bá ti le, wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó. Sī ni "bí", valent ni "ara wọ́n le", satis ni "tó". Discunt ni, kì í ṣe docent. Bí ẹ bá ka ìlà yìí láìwo ìwé atúmọ̀, ẹ ti ń ka ojúlówó Látìn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ to ọ̀rọ̀ ní ìdílé ìdílé

Ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Àfòmọ́ ẹ̀yìn -tor ni ẹni tó ń ṣe é: doctor, olùkọ́, lēctor, òǹkàwé, scrīptor, òǹkọ̀wé, praeceptor, olùkọ́ tó ń fi ìlànà lélẹ̀, láti ara praecipere. -Trīx ni ti obìnrin, bí ẹ ṣe rí i lára nūtrīx. -Tiō ni iṣẹ́ náà: lēctiō, ìwé kíkà; ērudītiō, ẹ̀kọ́ jíjinlẹ̀. Magister àti discipulus ní abo tiwọn tààrà: magistra, discipula.

Ērudīre dára púpọ̀. Rudis ni ohun tó rí págunpàgun, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́, ẹni tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ kankan. Ē- níwájú rẹ̀ ni "jáde kúrò nínú". Ērudīre ni láti mú ọmọ kúrò ní ipò rudis.

Studēre nílò ìkìlọ̀. Kì í gba accūsātīvus, datīvus ló ń gbà: litterīs studeō, mò ń fi ara jìn fún ìwé. Ìtara ni studium ní ìpìlẹ̀. Ti ìwé kíkà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí èèyàn lè ní ìtara sí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe òun. Pupillus nínú òfin Róòmù kì í ṣe ọmọ ilé ìwé, ọmọ òrukàn tó wà lábẹ́ alágbàtọ́ ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ọ̀ fi ìlà sí ìdí èyí. Disciplīna kì í ṣe ìjìyà, ẹ̀kọ́ àti ìlànà ni. Documentum ni ẹ̀kọ́ tàbí àpẹẹrẹ tí a rí kọ́ lára nǹkan. Dókítà tí a ń lọ rí nílé ìwòsàn, ọmọ docēre ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni doctor lẹ́nu Quintilian.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti alumnī, torí kò sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí kò ní gúrúùpù WhatsApp lóde òní. Alere ni láti bọ́ ọmọ, alumnus sì ni ọmọ tí a bọ́ dàgbà. Ọkùnrin kan: alumnus. Obìnrin kan: alumna. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin, tàbí tọkùnrin tobìnrin pọ̀: alumnī. Obìnrin nìkan, tí wọ́n ju ẹyọ kan lọ: alumnae. Ẹni tó bá sọ pé òun jẹ́ "alumni" ilé ẹ̀kọ́ kan ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀pọ̀.

Ti ìmọ̀ ló kù. Scīre ni láti mọ nǹkan, scientia ni ìmọ̀. Sapere bẹ̀rẹ̀ láti ara ìtọ́wò, ó wá di kéèyàn ní làákàyè. Sapientia ni ọgbọ́n. Intellegere ni kí nǹkan yéni, intellegentia ni òye. Ọgbọ́n, ìmọ̀ àti òye tí a ń tọrọ nínú àdúrà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ ó rí wọn nítòsí: Recte Sapere Fons ló wà lára àmì Yunifásítì Ìbàdàn, Pro Fide et Scientia sì ni ti St. Gregory's College l'Ékòó. Ẹ gbìyànjú láti tú wọn fúnra yín; fōns ni orísun, fidēs ni ìgbàgbọ́, prō ni "nítorí".

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu

Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì máa fi ohùn ránṣẹ́ síra yín. Àwọn àṣẹ kíláàsì ló rọrùn jù. Èyí tó wà níwájú ni ti ẹnìkan, èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀pọ̀:

surge, surgite: dìde
sedē, sedēte: jókòó
audī, audīte: gbọ́
tacē, tacēte: dákẹ́
lege, legite: kà á
scrībe, scrībite: kọ ọ́
respondē, respondēte: dáhùn
aperī librum, aperīte librōs: ṣí ìwé

Níbí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá máa ti kọsẹ̀. Ara wa ò ní gbà ká fi ti ẹyọ bá àgbà sọ̀rọ̀, a ó sì fẹ́ kí tíṣà kan ṣoṣo pẹ̀lú salvēte. Nínú Látìn àtijọ́, iye èèyàn ni tū àti vōs ń kà, wọn kì í wo ọjọ́ orí. Tíṣà kan: salvē, magister. Àwọn ọmọ kíláàsì: salvēte, discipulī. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, kọ̀wé sí ọba Trajan fúnra rẹ̀, tū ló fi pè é. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà nínú domine tó fi kún un, "olúwa mi". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ẹ fi ọ̀wọ̀ sínú orúkọ oyè, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ ní ẹyọ. Nínú Látìn ìgbà tó yá ni vōs tó wá di ti ọ̀wọ̀. Tí ẹ bá sì ń pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, -us á di -e: discipule, respondē. Magister kì í yí padà.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ: Intellegō. Nōn intellegō. Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀, torí lọ́dọ̀ tiwa nǹkan ló ń yé èèyàn, "ó yé mi". Nínú Látìn èmi ni olùwà. Nesciō, mi ò mọ̀. Licetne mihi exīre? Ṣé ẹ gbà mí láyè kí n jáde? -Ne tó lẹ̀ mọ́ licet ni "ṣé" tiwa. Quid hoc significat? Kí ni ìtumọ̀ èyí? Quōmodo hoc Latīnē dīcitur? Báwo la ṣe ń sọ èyí ní Látìn?

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ ìwé atúmọ̀ wò, kí ẹ wá kọ tiyín

Lewis àti Short, ìwé atúmọ̀ ńlá tó jáde ní 1879, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Perseus, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà. Ẹ má wá docēre níbẹ̀, doceo ni kí ẹ wá, torí "mò ń ṣe é" ni wọ́n fi ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ bá pàdé didicī nínú ìwé tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, á fi disco hàn yín. Ẹ má kọ ìtumọ̀ àkọ́kọ́ nìkan sílẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kí ẹ sì kọ gbólóhùn náà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà lóòjọ́ tó. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì fáwẹ̀lì, ìparí tó ń gbà, gbólóhùn kan láti inú ìwé, àti gbólóhùn kan tí ẹ dá kọ. Tó bá di ọjọ́ keje, ẹ bo ti Látìn mọ́lẹ̀, kí ẹ wo Yorùbá nìkan, kí ẹ dá a padà.

Ẹ fi àwọn wọ̀nyí dán ara yín wò, láìyí ojú sókè:

Olùkọ́bìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin.
Àwọn ọmọ ń kọ́ orin lọ́dọ̀ ìyá.
Ọmọ òrukàn náà ń fi ara jìn fún ìwé.
Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú ń tọ́ ọ dàgbà, olùkọ́ ń kọ́ ọ.
Wọ́n ti há ìlà ewì náà sórí.

Ìdáhùn rèé:

Magistra puellās carmina docet.
Puerī carmina ā mātre discunt.
Pupillus litterīs studet.
Nūtrīx puerum ēducat, magister docet.
Versum ēdidicērunt.

Bó bá jẹ́ puellīs lẹ kọ sí ti àkọ́kọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Bó bá jẹ́ litterās ni ẹ fi sí ìkẹta, ìgbésẹ̀ karùn-ún ni. Tó bá jẹ́ pé ìkarùn-ún nìkan ló dà yín láàmú, ẹ má bínú síra yín: ẹ mú didicī, ẹ fi ē- síwájú rẹ̀, kí ẹ wá kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ jáde, ēdidicī, ēdidicistī, ēdidicit, ēdidicimus, ēdidicistis, ēdidicērunt.